Ó Ṣì Ku 70

Alẹ́ ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni mo pa tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọmọ mi lójú. San Jose Sharks ṣẹ̀ṣẹ̀ na Edmonton Oilers, ikọ̀ tiwa, ní 3 sí 2 nínú họ́kì orí yìnyín ni, Sharks tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n tíì borí láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀. Ikọ̀ wa ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12, 2 péré ni wọ́n sì jẹ nínú rẹ̀. Mo ní, "Ó tán. Tọdún yìí ti bàjẹ́. Lọ sùn." Ọmọ ọdún 9 ni. Kò sunkún, kò sì bá mi jiyàn. Ó dìde, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó wá dúró láàárín ọ̀nà, ó ní, "Dádì, 82 ni wọ́n máa gbá. Ó ṣì ku 70."

Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú mi, ọmọdé ló ń ṣe é, kò tíì mọ̀ pé ohun tó bá ti bàjẹ́ ti bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀rọ̀ náà sùn, mo gbé e jí. Eré kan náà la jọ wò. Èmi ka 12 tó ti lọ, òun ka 70 tó ń bọ̀. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀, ó ti fi lẹ́ẹ̀dì kọ 70 gàdàgbà sórí ìwé kan, ó ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì.

Ọmọ Ìbàdàn ni mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló máa ń mú mi lọ wo 3SC ní Adamásìngbà, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ràn ẹgbẹ́. Wọ́n ń sọ fún wa nípa ife Áfíríkà ti 1976 bí ìgbà tí wọ́n bá ń pa ìtàn ogun, ti 1992 sì ṣojú mi, èmi náà jẹ́ ọmọ ọdún 9 nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni mo ti kọ́ ìwà kan tí n kò mọ̀ pé mo gbé sọdá òkun. Bí nǹkan bá ti ń wọ́, a ó bú akọ́nimọ̀ọ́gbá, a ó bú gólì, a ó sì dìde ńlẹ̀ kí eré tó parí, ká lè tètè rí mọ́tò wọ̀.

Ọdún 2021 la kó dé Edmonton, ní Kánádà. Ìpínlẹ̀ epo rọ̀bì ni Alberta, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ti mú orúkọ Oilers. N kò rí họ́kì orí yìnyín rí àfi nínú fíìmù. Ọmọ mi ló kó o wálé láti iléèwé, bí àwọn ọmọdé ṣe ń kó ọ̀fìnkìn wálé. Lọ́jọ́ Sátidé mo máa ń gbé e lọ sí pápá yìnyín àdúgbò wa, èmi ni mo sì máa ń kúnlẹ̀ di okùn bàtà rẹ̀. Irin gígùn kan tó mú wà nísàlẹ̀ bàtà náà. Okùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ le débi pé yóò dá àmì sí mi lọ́mọ ìka, torí bó bá dẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ á yẹ̀. Màá fà á, á ní, "Dádì, kò tíì le," màá tún fà á. Bó bá ti dìde tó sì gbẹ́sẹ̀ lé yìnyín, ṣe ló máa ń dà bíi pé wọ́n pààrọ̀ ọmọ náà fún mi.

Eré yẹn le láti mọ̀ ọ́n wò. Ènìyàn 6 ló ń wà lórí yìnyín fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, gólì wà lára wọn, ìṣẹ́jú 20 lọ́nà 3 ni wọ́n sì ń gbá a. Róbà dúdú pẹlẹbẹ kan, tó le bí òkúta, ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbá kiri, puck ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ṣẹ̀, wọ́n á tì í mọ́ inú àpótí onígíláàsì fún ìṣẹ́jú 2, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa fi ènìyàn kan dín jà. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé, yàtọ̀ sí gólì, kò sẹ́ni tó ń pẹ́ lórí yìnyín. Tí ẹni kan bá ti lo nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45, yóò fò padà sẹ́yìn ògiri, ẹlòmíràn á fò bọ́ síbẹ̀, eré kò sì ní dúró. Connor McDavid tó jẹ́ kápítẹ́ẹ̀nì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bí iná ọyẹ́, kò yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó jáde, ó sinmi, ó tún wọlé.

Ilé ìkẹ́rùsí kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Bàbá òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ti lé ní ẹni 60 ọdún, tó ti ń wo Oilers láti ayé Wayne Gretzky, ìlúmọ̀ọ́ká agbáyò wọn, nígbà tí wọ́n gba Stanley Cup, ife tó ga jù lọ nínú họ́kì yìí, ní 1984, 1985, 1987 àti 1988, wọ́n sì tún gbà á ní 1990 lẹ́yìn tó ti lọ. Láti ìgbà náà, wọn kò gbà á mọ́. Kódà kò sí ẹgbẹ́ Kánádà kankan tó tún gbà á lẹ́yìn Montreal ní 1993, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń dun àwọn ará ibí dé egungun. Orúkọ tí wọ́n sọ bàbá náà ni gbogbo ènìyàn ń pè é, títí kan ọmọ 20 ọdún. Ẹnu mi kò gbà á. "Bàbá" ni mo ń pè é. Nígbà tó bi mí ohun tó túmọ̀ sí, tí mo sì ṣàlàyé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má yí i padà o.

Bàbá ló kọ́ mi pé kí n yé fi ojú lé puck. Ó ní ẹni tí kò ní i lọ́wọ́ ni kí n máa wò, torí ibi tí onítọ̀hún bá ń sá lọ ni puck náà ń bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́ ìyẹn ni eré náà ti là sí mi. Òun náà ló sọ fún mi nípa Grant Fuhr, gólì aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ikọ̀ tó gba ife 5 wọ̀nyẹn, ọmọ bíbí Spruce Grove, ìlú tí kò jìnnà sí wa níbí. Mo wá ń wo Darnell Nurse, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ tó ń wọ nọ́ńbà 25 fún wa, pẹ̀lú ojú mìíràn.

Àmọ́ orúkọ kan wà tó gbé mi dìde lórí ìjókòó. Bàbá ní Calgary Flames, àwọn tí a kò lè rí sójú, ti ní kápítẹ́ẹ̀nì kan rí tí òun bọ̀wọ̀ fún ju ẹnikẹ́ni lọ, Jarome Iginla. Mo ní kó tún un pè. Ó pè é bí òyìnbó ṣe ń pè é. Mo mú fóònù, mo wò ó: Jarome Arthur-Leigh Adekunle Tig Junior Elvis Iginla. Igi Ńlá! Ọmọ Yorùbá ni bàbá tó bí i. Edmonton níbí ni wọ́n bí i sí ní 1977, St. Albert tó fara kan ìlú wa ló sì dàgbà sí. Ayò 625 ló jẹ nínú líìgì tó ga jù lọ. Ní 2002, òun ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú Olympics ìgbà òtútù. Mo pe ìyá mi ní Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n tó sùn. Wọ́n ní, "Igi ńlá, lórí yìnyín? O ò rí i bí orúkọ ṣe ń rìn!"

Ọjọ́ 3 lẹ́yìn tí Sharks nà wá ni wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá, Jay Woodcroft, lọ. Wọ́n mú Kris Knoblauch wá láti Hartford, ẹni tó ti kọ́ McDavid rí ní Erie nígbà tí ìyẹn ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin. Mo ti ṣẹnu ṣọ́nṣó láti bú òun náà. Bàbá ní kí n fara balẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ tó ń sá kò yí padà, ọwọ́ tó di ọ̀pá mú kò yí padà, ayò tí kò wọlé láti ìgbà yìí wá ń bọ̀ wá wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í borí, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró mọ́. Ó di 5, ó di 10, ó di 16 ní tẹ̀léra. Pittsburgh ti 1993, tó jẹ 17, nìkan ló jù wọ́n lọ nínú ìtàn líìgì náà.

Ọ̀kan nínú 16 yẹn wà lọ́kàn mi títí di òní. Ọjọ́ 13 oṣù kìíní ni, òtútù ti sọ̀ dé nǹkan bí 40 sísàlẹ̀ òdo. Montreal ni wọ́n ti ń gbá a. Bí eré ti ń lọ, gbogbo fóònù inú ilé figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ìjọba Alberta ló ń bẹ aráàlú pé iná mànàmáná kò fẹ́ẹ́ tó mọ́, kí oníkálukú pa ohun tí kò bá pọn dandan. Ọ̀rọ̀ iná kò ṣàjèjì sí àwa. Ìyàwó mi pa gbogbo gílóòbù, a pa tẹlifíṣọ̀n, àwa mẹ́ta ká sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì kan, a gbé fóònù mi lé orí ìrọ̀rí. Èémí ọmọ náà ń bo ojú fóònù, ó ń fi ọwọ́ nù ún. Ó di àfikún àsìkò kí a tó jẹ́ ẹ, 2 sí 1. Ó fẹ́ pariwo, ó rántí pé òkùnkùn wà, ó wá pariwo náà sínú ìrọ̀rí.

Ní oṣù kẹrin, ìwé ara fíríìjì ti dé òdo. 49 ni wọ́n jẹ nínú 82. Àwọn tí mo ní ó ti tán fún gba máàkì 104. Ọmọ mi yọ ìwé náà, ó lẹ òmíràn, ó kọ 16 sí i. Ó ní ikọ̀ tó bá fẹ́ gba ife gbọ́dọ̀ borí ikọ̀ 4, ẹ̀ẹ̀mẹrin-mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé Los Angeles Kings kúrò lọ́nà, ó di 12. Vancouver ló kàn.

Nínú oṣù karùn-ún yẹn ni ohun tí mo ń wò wọ inú ìgbésí ayé mi. Forklift ni mò ń wà níbi iṣẹ́. Lóru ọjọ́ kan, mo gbé ẹrù tòmátò alágolo sókè láìwo bí wọ́n ṣe tò ó, ó ṣẹ́rí, ó wó. Agolo ń yí gbirigbiri lọ láti òpin kan dé òpin kejì, n kò sì rí nǹkan kan ṣe ju kí n jókòó sórí ẹ̀rọ náà kí n máa gbọ́ ariwo rẹ̀. Ọlọ́run bá mi ṣe é, kò bá ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá wa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ènìyàn, ó ní kí n lọ máa fi ọwọ́ kó ẹrù fún ọ̀sẹ̀ 2. Ẹni tí mo kọ́ ní iṣẹ́ ni wọ́n fi dípò mi. Ó dùn mí débi pé mo ti kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ sínú fóònù, fífi ránṣẹ́ ló kù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n gbé Stuart Skinner jókòó. Gólì wa nígbà yẹn ni, ọmọ Edmonton níbí gan-an. Ó ti gba àgbàkúgbà lọ́wọ́ Vancouver, wọ́n yọ ọ́ láàárín ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kẹta, wọ́n sì fi Calvin Pickard sílé nínú ìkẹrin àti ìkarùn-ún. Inú ilé òun fúnra rẹ̀, lójú àwọn tó bá a dàgbà. Mo sọ fún Bàbá pé tó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní yọjú mọ́. Bàbá ní kí n wo ibi tí gólì tó jókòó máa ń wà, ẹnu ilẹ̀kùn. Òun ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn tó ń sá bọ̀ láti orí yìnyín, kí wọ́n má baà fi ẹsẹ̀ tó ti rẹ̀ fo ògiri. Ó ní ẹni tó mọ ilẹ̀kùn ṣí dáadáa, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún pè é. Bàbá kò mọ̀ nípa lẹ́tà inú fóònù mi o. Họ́kì ló ń bá mi sọ.

Mo kó ẹrù. Ẹni tí wọ́n fi dípò mi, mo máa ń bá a tú okùn ara ẹrù kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Skinner padà wọlé nínú ìkẹfà, a jẹ ẹ́, ó dúró nínú ìkeje ní Vancouver, a jẹ ẹ́ ní 3 sí 2. Lẹ́yìn náà, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó mú wa kọjá Dallas, 10 péré ni tiwa ta sílé wọn. Tiwọn ń rọ̀ bí òjò, Skinner gba 34 dànù, a borí ní 2 sí 1. Mo ti padà sórí forklift nígbà náà. Mo ń sọ̀ kalẹ̀ yí ẹrù po báyìí kí n tó fi irin ẹ̀rọ sábẹ́ rẹ̀, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán mi lójú. Lẹ́tà yẹn, mo pa á rẹ́ lóru ọjọ́ tí Dallas lọ.

Ìwé ara fíríìjì wá di 4. Florida Panthers ló kù. Wọ́n sì nà wá lẹ́ẹ̀kínní, lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. 4 yẹn dúró gbári síbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2. Àsíá aláwọ̀ ọsàn tó wà lára ọkọ̀ àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù ní títì. "Ó tán" wá sí ètè mi, mo gbé e mì. Bàbá ní ikọ̀ kan ṣoṣo ló tíì padà gba ife náà láti irú kòtò bẹ́ẹ̀, Toronto, ní 1942. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń dẹ́rù bà mí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe.

8 sí 1 ni wọ́n fi na Florida nínú ìkẹrin. Ìgbà tí a dín ní ènìyàn kan, tí ẹnì kan wa jókòó sínú àpótí, ni Mattias Janmark jẹ ayò àkọ́kọ́, ìgbà tí a tún dín ní ènìyàn kan ni Connor Brown jẹ tirẹ̀ nínú ìkarùn-ún, tó parí sí 5 sí 3. Ìkẹfà jẹ́ 5 sí 1. Ọmọ mi ń kọ 3, ó ń kọ 2, ó ń kọ 1. Lálẹ́ tó kọ 1, ó dúró níwájú fíríìjì títí tí ìyá rẹ̀ fi lọ gbé e kúrò níbẹ̀.

Mo gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà. Sunrise ní Florida ni wọ́n ti ń gbá a, ṣùgbọ́n a lọ sí gbàgede tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rogers Place, níbi tí wọ́n gbé ojú ìwòran ńlá sí. Agogo 6 ìrọ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ níbí. Carter Verhaeghe jẹ ayò fún wọn, Janmark dá a padà kíá, mo gbé ọmọ náà sọ́rùn. Sam Reinhart wá jẹ ìkejì fún wọn. Ní ìṣẹ́jú 20 tó gbẹ̀yìn, tiwa lé wọn, wọ́n há wọn mọ́lé, puck ń lu ẹsẹ̀, ó ń lu ọ̀pá, kò wọlé. Nígbà tó ku díẹ̀, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra. Ẹsẹ̀ tèmi náà yí, ẹsẹ̀ Adamásìngbà. Ọmọ náà di etí mi méjèèjì mú lókè níbẹ̀, ó ní, "Dádì, kò tíì parí." A dúró. Ó parí sí 2 sí 1. A dúró títí tí àwọn ikọ̀ méjèèjì fi tò, tí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n pe McDavid pé òun ló ta yọ jù lọ nínú ìdíje náà. Ayò 34 ló gbé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn jẹ, kò sẹ́ni tó ṣe irú rẹ̀ rí nínú ìdíje ife yẹn. Kò jáde wá gbà á. Ọmọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Kì í ṣe ohun tó torí rẹ̀ wá nìyẹn."

Oòrùn ṣì ń ràn nígbà tí a ń wakọ̀ lọ sílé, torí nínú oṣù kẹfà, ó máa ń ju agogo 10 alẹ́ kó tó wọ̀ níbí. Mo sọ fún un pé Igi Ńlá náà dé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ keje rí pẹ̀lú Calgary, ní 2004, ní Florida kan náà, lọ́dọ̀ Tampa, wọ́n sì nà wọ́n ní 2 sí 1. Ó rò ó títí. Ó ní, "Ṣé ó padà gba ife náà?" Mo ní rárá, kò gbà á títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ń gbá a lọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọdún tó ju 10 lọ lẹ́yìn ìgbà náà.

Ìyá rẹ̀ fẹ́ yọ ìwé tó wà lára fíríìjì kó má baà máa rí i. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Oilers tún dé ìparí, Florida kan náà ló tún dúró dè wọ́n, 2 ló sì kù nígbà tó parí. Ìwé méjèèjì wà lára fíríìjì wa bí mo ti ń kọ èyí, 1 lókè, 2 nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ wọn.